Gíábọ́ọ̀sì Tó Ń Gba Ẹnu Ilẹ̀kùn Jáde

Bí àlejò bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì lójú ọ̀nà Èrúwà sí Igbó-Ọrà, tó bá àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ sítì iwájú Land Rover àtijọ́ kan, tí wọ́n ń ṣí páànù ilẹ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì sì ti fẹ̀yìn ti ògiri, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ yọ, ẹnu ilẹ̀kùn ni yóò sì gbà jáde.

“Sísọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀” ni àwọn mẹ́káníìkì ń pe iṣẹ́ yìí, nítorí pé abẹ́ ni gíábọ́ọ̀sì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń bọ́ sí. Ti Land Rover ayé ọjọ́un yàtọ̀. Sókè ni wọ́n ń gbé tirẹ̀, sínú ibi tí awakọ̀ àti èrò iwájú ń jókòó sí, kí wọ́n tó fà á gba ẹ̀gbẹ́ jáde bí ẹni ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù jáde nínú yàrá tóóró. Ẹni tí kò mọ̀, tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ láti àárọ̀ tó ń wá bí yóò ṣe bọ́ sílẹ̀, irin ìdábùú férémù ni yóò máa bá jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Land Rover han aráyé, níbi àfihàn ọkọ̀ kan ní Amsterdam. Ogun àgbáyé kejì kò tíì pẹ́ tó parí, irin wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alumíníọ̀mù sì wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara ọkọ̀ náà kì í fi í dípẹtà, tó jẹ́ pé férémù rẹ̀ ni ìpẹtà ń jẹ. Series II dé ní 1958, IIA tẹ̀lé e ní 1961, Series III bẹ̀rẹ̀ ní 1971, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1985. Nígbà tí ẹ̀wádún 1970 ń parí lọ, ilé iṣẹ́ Leyland Nigeria wà ní Ìbàdàn, tó ń to Land Rover pọ̀ láti inú páàtì tó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tú ní Ìbàràpá lónìí lè jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, kó má ṣe àjèjì rárá. Èyí tí sítíárìn rẹ̀ bá wà lápá ọ̀tún lè ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà yí ìwakọ̀ kúrò ní apá òsì ọ̀nà sí apá ọ̀tún.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi ń náwó lé ọkọ̀ tó dàgbà tó bàbá rẹ̀? Ìlú méje ni wọ́n ń kà mọ́ Ìbàràpá: Ìgàngàn, Ayété, Tápà, Ìdèrè, Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Lánlátẹ̀. Títì so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n oko ẹ̀gẹ́ àti oko ẹ̀gúsí kì í sábà gbé ẹ̀gbẹ́ títì. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ pupa á yọ̀ bí ọ̀rá, àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀fìkì àti Ògùn á kún bo ojú ọ̀nà, ọkọ̀ tó ń fi táyà ẹ̀yìn nìkan rìn á máa yí táyà lójú kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni awakọ̀ Land Rover á ti nawọ́ sí ọ̀pá kéékèèké méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà, ọ̀kan olórí yẹ́lò, èkejì olórí pupa. Bó bá tẹ olórí yẹ́lò mọ́lẹ̀, táyà iwájú á dara pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn láti máa fà. Bó bá fa olórí pupa sẹ́yìn, ọkọ̀ á dẹ ìrìn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á pọ̀ sí i, á sì máa wọ́ tuurutu gòkè bí màlúù tó ń fa ọkọ́.

Ọ̀pá méjì yẹn ló sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ gìrìpá. Gíábọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ọkọ̀ kékeré ní. Méjì tí wọ́n dè pọ̀ ni ti ọkọ̀ fóò-wíìlì: ti iwájú ni awakọ̀ fi ń yan gíà, èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ló ń pín agbára fún ṣáàfù iwájú àti ti ẹ̀yìn. Nínú Land Rover, àpapọ̀ wọn wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ, ìyẹn ni pé ó ju àpò sìmẹ́ńtì méjì. Èyí tó wà lẹ́yìn tún ṣẹ́ sí apá ọ̀tún, tí ẹrù náà kì í fi í dúró déédéé lójú okùn. Ẹni tó bá so ó ní agbede méjì, tó rò pé òun ti so ó re, ìgbà tó bá gbéra nílẹ̀ ni yóò yí pìrì, ìka ẹni tó bá wà nítòsí á sì rí i he.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan sípánà, ó yẹ kí ọ̀gá kọ́kọ́ bi ọkọ̀ léèrè ohun tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lásán, tí owó olówó sì bá a lọ. Ìdánwò àkọ́kọ́ kò gba kọ́bọ̀: kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí gíà wà ní fírì, kí ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bí ariwo bá ń dún, tó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n tẹ kílọ́ọ̀ṣì, béárìn inú gíábọ́ọ̀sì ni kí wọ́n fura sí. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gan-an ni ariwo bẹ̀rẹ̀, béárìn tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì ló ń ké. Gíà tó ń bọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ọ̀rọ̀ inú gíábọ́ọ̀sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí gíà bá kàn ń le láti wọlé, ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì ti jò tán, tàbí pé afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù rẹ̀. Ìyẹn kò gba kí ẹnikẹ́ni ṣí ilẹ̀ inú ọkọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́káníìkì tí ọwọ́ wọn ti mọ́ ọkọ̀ Japan kì í mọ̀. Ní Series II àti IIA, gíà kẹta àti ìkẹrin nìkan ló ní ohun tó ń mú kí eyín gíà méjì sáré dọ́gba kí wọ́n tó wọnú ara wọn. Gíà kìn-ín-ní àti ìkejì kò ní in. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá fẹ́ padà sí gíà kìn-ín-ní nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn, tó sì gbọ́ ariwo gàràgàrà, àìsàn kọ́, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Òun ni kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Series III ló fi ohun èlò yìí sí gbogbo gíà iwájú. Ẹni tó bá sọ gíábọ́ọ̀sì IIA kalẹ̀ nítorí ariwo yìí yóò tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó bá dà á padà.

Bó bá wá dájú pé ó gbọ́dọ̀ jáde, ibi tí iṣẹ́ náà ti lè pa ènìyàn ló yẹ kó ṣáájú. Lára gíábọ́ọ̀sì kejì ni bíréèkì ọwọ́ Land Rover wà, lẹ́yìn ibi tí ṣáàfù ẹ̀yìn ti jáde. Kò sí lára táyà. Bí wọ́n bá ti tú ṣáàfù, bíréèkì ọwọ́ kò rí nǹkan dì mú mọ́. Bí wọ́n tiẹ̀ fi gíà há a, òtúbáńtẹ́ ni. Ọkọ̀ tó dúró wámú ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yí lọ, ẹni tó mú sípánà lọ́wọ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ọkọ̀ wà, kí wọ́n fi òkúta ńlá tàbí gẹdú há táyà níwájú àti lẹ́yìn kí nọ́ọ̀tì ṣáàfù kankan tó dẹ̀. Jáákì náà kì í ṣe òpó: kó gbé ọkọ̀ sókè ni iṣẹ́ rẹ̀, ìtì igi tó gbẹ ló yẹ kó gba ẹrù náà dúró. Nínú ọ̀pọ̀ Land Rover wọ̀nyí, abẹ́ sítì apá ọ̀tún gan-an ni táńkì epo wà. Kí wọ́n yọ orí bátìrì, kí ẹni tó ń mu sìgá sì lọ jókòó lọ́dọ̀ ìyá alákàrà.

Títú rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní àdììtú. Sítì, àpótí tí sítì jókòó lé, páànù ilẹ̀ àti ìbòrí àárín á kúrò. Ọ́ìlì inú àpótí méjèèjì á ṣàn sínú báàfù. Kò níí ṣòfò, torí ẹni tó ń kọ́lé nítòsí yóò wá tọrọ kọ́ńdẹ́mù yìí láti fi kun pákó kí ikán má baà jẹ ẹ́. Wọ́n á tú ṣáàfù iwájú àti ti ẹ̀yìn, okùn sípídómítà, irin bíréèkì ọwọ́ àti ohun tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá gbọ́n á fi ṣíṣẹ́ẹ̀lì sàmì sí etí ṣáàfù àti ibi tó ti bára mu, kó lè dá a padà bó ṣe wà. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe gbogbo wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ìbáà jẹ́ bóòtù, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀tì, inú báàfù kan náà sì ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń dà wọ́n sí. Èyí gan-an ló ń bí nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó ń ṣẹ́kù lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Agolo mílíìkì mẹ́rin, ti ṣáàfù lọ́tọ̀, ti ilẹ̀ ọkọ̀ lọ́tọ̀, ti ẹnu gíábọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, ti ìjókòó gíábọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Nọ́ọ̀tì tó yí ẹnu gíábọ́ọ̀sì ká níbi tó ti fi ẹnu ko ẹ́ńjìnnì ló máa ń gbẹ̀yìn. Kí wọ́n tó tú wọn, jáákì kejì gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ ìdí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú pákó lórí rẹ̀. Ìjókòó iwájú ẹ́ńjìnnì wà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n lára gíábọ́ọ̀sì ló fẹ̀yìn tì. Bí gíábọ́ọ̀sì bá kúrò láìsí ohun tó gbà á, ìdí ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀, á sì fa rọ́bà àti páìpù tó so mọ́ ọn já.

Gbígbé ló kù. Ẹlòmíràn á na irin gbọọrọ gba ẹnu ilẹ̀kùn méjèèjì, á so ṣéènì mọ́ ọn. Ẹlòmíràn á gbára lé igi máńgòrò tó ṣíji bo ṣọ́ọ̀bù. Ẹlòmíràn á pe ọkùnrin mẹ́rin. Ti igi máńgòrò yẹn kò bójú mu. Ẹ̀ka tó gba ọmọdé mẹ́ta lójoojúmọ́ lè má gba gíábọ́ọ̀sì. Ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà, sẹ́yìn ni gíábọ́ọ̀sì ń kọ́kọ́ lọ, ní gbọọrọ, títí imú rẹ̀ yóò fi fà yọ pátápátá láàárín kílọ́ọ̀ṣì, kó tó kan pé ó ń gòkè. Ẹni tó bá kánjú gbé e sókè nígbà tí imú rẹ̀ ṣì wà nínú, àárín awo kílọ́ọ̀ṣì ló ń tẹ̀ yẹn.

Ìgbà tí gíábọ́ọ̀sì bá wà nílẹ̀ ni iṣẹ́ tó lérè jù, òun náà sì ni àwọn mìíràn ń sáré fò. Gbogbo ohun tó fara pamọ́ láti ọdún gbọọrọ ti wà níta gbangba: awo kílọ́ọ̀ṣì, ìdérí rẹ̀, béárìn tó ń tì í, ojú fúláíwíìlì, ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, àti búùṣì kékeré tó wà láàárín fúláíwíìlì níbi tí imú gíábọ́ọ̀sì ń sinmi. Búùṣì yẹn kéré, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹni tó bá fojú fò ó, tó tún gbọ́ ariwo lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gbogbo sítì àti páànù yẹn ni yóò tún tú nítorí rẹ̀.

Land Rover sì máa ń sọ ibi tó ti ń jò fún ẹni tó bá mọ èdè rẹ̀. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dá a síbẹ̀ kí ọ́ìlì tó bá jò lè rí ọ̀nà bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ ní ìdérí fún ihò yìí, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ la odò kọjá nìkan ni wọ́n ń dé e, kí omi má baà wọlé, bí wọ́n bá sì ti gòkè odò tán, kí wọ́n yọ ọ́. Awakọ̀ tó la odò lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, tó gbàgbé ìdérí síbẹ̀, ti sọ ilé kílọ́ọ̀ṣì di agbada: ọ́ìlì á máa gbára jọ títí yóò fi ta sí awo, kílọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, wọ́n á sì ní gíábọ́ọ̀sì ló bàjẹ́. Bí ihò bá ṣí sílẹ̀, ẹ̀kán tó bọ́ níbẹ̀ tó láti fi mọ ẹni tó ṣẹ̀. Ọ́ìlì gíà ki, òórùn rẹ̀ sì le bí ti imí-ọjọ́. Síìlì imú gíábọ́ọ̀sì ló ń ti wá. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú, ó ṣàn ju ìyẹn lọ. Síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì nìyẹn.

Ọ́ìlì tí wọ́n dà sínú báàfù pàápàá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Kí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì rò ó. Ẹ̀tù irin díẹ̀ kì í ṣe tuntun fún gíábọ́ọ̀sì tó dàgbà, ṣùgbọ́n èérún tó ṣe é fi ìka mú ti kúrò ní ọ̀rọ̀ síìlì: eyín gíà kan ti kán. Ohun tó ń dán bíi bàbà, tí mágínẹ́ẹ̀tì kò gbé, ara búùṣì inú gíábọ́ọ̀sì ló ti ń họ.

Bó bá kan páàtì, Aráròmí ní Gate, Ìbàdàn, ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàràpá ń forí lé. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ níbẹ̀ á tẹ̀ síwájú dé Ládípọ̀ ní Mushin. Àròsọ kò ràn án. Kí ó gbé awo kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ dání, kí ó gbé tuntun lé e lórí kó tó sanwó, kí ó ka eyín àárín rẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ pẹ̀lú, kí ó fọwọ́ yí imú rẹ̀, kí ó wọ gbogbo gíà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ti Series tirẹ̀ wé e, torí pé orúkọ kan náà lára ọkọ̀ kò ní kí imú wọn gùn dọ́gba.

Dídá a padà ló ń fi ọ̀gá hàn yàtọ̀ sí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Awo kílọ́ọ̀ṣì ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá gbé e kọjú síbi tí kò yẹ, àárín rẹ̀ á máa ha fúláíwíìlì. Awo yìí tún gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn kí wọ́n tó fún ìdérí rẹ̀ pa, torí bí ìdérí bá ti dì í mú, kò níí sún mọ́. Irin kan wà tí wọ́n ṣe fún èyí. Ẹni tí kò ní in á lo imú gíábọ́ọ̀sì àlòkù, tàbí kó gbẹ́ igi tó wọ àárín awo àti búùṣì fúláíwíìlì rẹ́gí. Káfíńtà tó wà lódìkejì ọ̀nà lè gbẹ́ ẹ láàárín wákàtí kan, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ bó bá ti wọ̀ ọ́ dáadáa. Gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n fi pa eyín imú gíábọ́ọ̀sì. Kó má ṣe kan ojú awo rárá.

Gíábọ́ọ̀sì á wọlé láti ẹnu ilẹ̀kùn, á wá síwájú díẹ̀díẹ̀, bóòtù tó yọ sóde lára ẹ́ńjìnnì á sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Ibẹ̀ ló ti sábà máa ń dúró: ó ku ìwọ̀n ìka kan kí ẹnu méjèèjì pàdé, kò sì lọ mọ́. Gbogbo ènìyàn ti rẹ̀, oòrùn ti mú, oníbàárà ti ń wo aago. Ẹnìkan á ní kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì sí i, kí wọ́n fi sípánà fà á wọlé.

Àṣìṣe tó wọ́n jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyí. Bí gíábọ́ọ̀sì bá kọ̀, eyín imú rẹ̀ kò bá eyín awo mu, tàbí imú kò tíì rí ẹnu búùṣì. Nọ́ọ̀tì kò lè yanjú èyíkéyìí nínú wọn. Á kàn fà títí etí alumíníọ̀mù yóò fi là, tàbí tí àárín awo tuntun yóò fi tẹ̀. Ohun tó yẹ kò le. Kí wọ́n fi gíà há a, kí ẹnìkan rọra máa yí etí tí ṣáàfù ẹ̀yìn ń so mọ́. Bó ṣe ń yí ni imú náà ń yí, eyín á sì rí ojú ara wọn. Kí wọ́n wo àlàfo tó kù yíká. Bó bá fẹ̀ lókè tó há nísàlẹ̀, ìdí ẹ́ńjìnnì kò bá gíábọ́ọ̀sì dọ́gba, jáákì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n gbé sókè tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, ọwọ́ lásán ló ń tì í wọlé, a sì gbọ́ “kọ́”. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀tì tó dé. Títí di ìgbà náà, kí ṣéènì má dẹ̀: gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n fi sílẹ̀ kó fi imú rọ̀ sórí kílọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, ti ba awo tuntun jẹ́ kí wọ́n tó fọ ọwọ́ tán.

Jíìpù Japan rọrùn lápá kan, ó sì le lápá kan. Ti Hilux, Land Cruiser àti Patrol ń bọ́ sí abẹ́, nítorí náà sítì wọn wà láàyè rẹ̀. Kòtò tàbí ìtì igi gíga ni wọ́n ń béèrè, kí wọ́n sì rántí yọ ọ̀pá gíà láti inú ọkọ̀ kó tó máa lọ sísàlẹ̀. Èyí tó jẹ́ ọ̀tọmátíìkì ló ní ẹ̀gẹ̀. Kò ní awo kílọ́ọ̀ṣì. Ohun kan tó rí bí ìkòkò ló wà níwájú rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ jókòó wọnú gíábọ́ọ̀sì dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Bó bá yọ síwájú díẹ̀, tí wọ́n sì fún nọ́ọ̀tì pa, pọ́ǹpù inú gíábọ́ọ̀sì á fọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó dún rárá.

Padà sórí Land Rover. Ẹni tó bá ní bírò lọ́wọ́ lè kọ èyí sílẹ̀: gíábọ́ọ̀sì ńlá ń gba lítà kan ààbọ̀ ọ́ìlì gíà 90, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń gba lítà méjì ààbọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ihò tí wọ́n ń gbà dà á. Kí wọ́n wá èyí tí wọ́n kọ GL-4 sí lára, torí búùṣì inú rẹ̀ tó jọ bàbà, tí àwọn ọ́ìlì kan tó le jù bẹ́ẹ̀ lè jẹ. Lẹ́yìn ọ́ìlì ni ṣáàfù, níbi àmì tí ṣíṣẹ́ẹ̀lì ti fi sílẹ̀, lẹ́yìn náà bíréèkì ọwọ́, kí òkúta ẹ̀yìn táyà tó kúrò.

Ọ̀gá tó ti jìyà rí kì í tíì dá sítì padà. Á gbé àpótí mínírà sí ibi tí sítì wà, á jókòó lé e, á sì wa ọkọ̀ náà yíká inú ọgbà pẹ̀lú ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, kó lè máa wo gíábọ́ọ̀sì bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Á wọ gbogbo gíà, á fa olórí pupa, á tẹ olórí yẹ́lò. Ní alẹ́, ó tẹ́ páálí kan sábẹ́ ihò ilé kílọ́ọ̀ṣì, ó lọ sùn. Ní àárọ̀, kí ó tó kí ẹnikẹ́ni, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa páálí náà yọ, ó sì ń gbóòórùn rẹ̀.